Àwo Méjì, Ẹnu Kan

Ọjọ́ Ajé, 2 Ẹrẹ́nà

Mo jẹ àwo ẹ̀wà méjì lónìí, búrẹ́dì àgbàdo tó tó bíríkì ìpìlẹ̀ ilé, àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí ẹlẹ́dẹ̀ fúnra rẹ̀ ìbá rí kó sọ pé ó ti pọ̀ jù. Àwo kan jẹ́ tèmi. Èkejì jẹ́ ti Bàbá àgbà.

Ọgbọ́n rẹ̀ ò le. Màmá àgbà á dìde lọ gbé kọfí lórí ààrò. Kí wọ́n tó yíjú padà, àwo tèmi tó ti ṣófo ti dé iwájú Bàbá àgbà, tiwọn tó kún ti dé iwájú mi. Mo yára ju ológbò tó jí ẹja lọ.

"Wò ó, Denzil!" Màmá àgbà pàtẹ́wọ́. "Àwo yìí mọ́ ju ọkàn oníwàásù lọ."

"Ẹ̀wà rẹ mà ni, Verlie. Ta ló máa jẹ ẹ́ tí kò ní lá àwo?" Bàbá àgbà sì nu ẹnu tí kò tọ́ nǹkan kan wò.

"Ìwọ ńkọ́, Lakyn? O ò tíì jẹun tán?"

"Mò ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni, Mà. N ò fẹ́ kó tètè tán."

Ajá la kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ yìí fún. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan Bullet sanra débi pé kò lè gun àtẹ̀gùn iwájú ilé mọ́. Orí ìdúbúlẹ̀ ló ti ń gbó mọ́ ọ̀kẹ́rẹ́. Màmá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí i. Bí mo ṣe gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ajá nìyẹn. Kò sí ẹni tó lè fi èyí yangàn.

Láti ìgbà tí wọ́n ti fa oògùn jẹjẹrẹ àkọ́kọ́ sí Bàbá àgbà lára lóṣù tó kọjá ni oúnjẹ ti di irin lẹ́nu wọn. "Ó dà bí ìgbà tí mò ń lá ìṣó, ọmọ mi." Bí Màmá àgbà bá sì ń dín ẹran, òórùn rẹ̀ ń lé wọn jáde sí gbàgede bí ẹni tí olè ń lé. Ṣùgbọ́n ní àfonífojì Turkeypen yìí, ọkùnrin kì í fi oúnjẹ obìnrin sílẹ̀ lórí àwo. Ó sàn kó bú u níwájú ìjọ.

Dókítà sì ti sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀: bí wọ́n bá rù jù, oògùn máa dúró. Bàbá àgbà ò gbọ́ èyí tó tẹ̀lé e, torí ohun tó wà lọ́kàn wọn ni Orbie, àbúrò wọn, tí wọ́n ki rọ́bà bọ ikùn rẹ̀ láti máa da oúnjẹ sí i. "Ọjọ́ tí rọ́bà yẹn wọlé ni Orbie kú. Gbogbo ọjọ́ tó lò lẹ́yìn náà, mímí lásán ló ń mí." Nítorí náà wọn ò gbọ́dọ̀ rù. Tàbí kí n sọ pé, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ mọ̀ pé wọ́n ń rù.

Ohun tó ń tì mí lójú ni pé ẹ̀wà náà dùn.

Ọjọ́bọ̀, 5 Ẹrẹ́nà

Ọjọ́ ilé-ìwòsàn. N ò lọ sílé-ìwé, ìdánwò ìṣirò kọjá lórí mi bí ẹyẹ. Èmi ni mo wa pikọ́ọ̀pù, torí kọ́nà ojú ọ̀nà wa máa ń mú kí Màmá àgbà bì. Wọ́n máa ń jókòó sílé gbàdúrà. Òjò, ẹrẹ̀, epo tún ti gbówó lórí.

Bàbá àgbà ta màlúù rí, lẹ́yìn tí wọ́n fi iṣẹ́ ihò èédú sílẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń ta màlúù lọ́dọ̀ wa ló mọ̀ ọ́n: ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjà, fún un níyọ̀. Òǹgbẹ á gbẹ ẹ́, á mu odò kan gbẹ, á sì gun òṣùwọ̀n bí ìyàwó olówó. Lánàá ni Bàbá àgbà mu omi iyọ̀ tí Màmá àgbà fi ń pa kùkúḿbà mọ́ nínú ìgò, wọ́n fi omi lé e, wọ́n tún fi omi lé e.

"Ẹni tó bá lè tan alágbàtà màlúù jẹ," ni wọ́n wí, "kí ni nọ́ọ̀sì?"

Omi nìkan ò tó. Òjé tí wọ́n ń yọ́ fúnra wọn fún àwọ̀n ìpẹja wà nínú gbogbo àpò ṣòkòtò wọn. Bí wọ́n ṣe ń rìn, wọ́n ń ró bí ẹ̀wọ̀n ilẹ̀kùn àgọ́ adìẹ. Mo ń wúkọ́ láti bo ìró náà. Aláìsàn ò wúkọ́, èmi ni mò ń wúkọ́.

Nọ́ọ̀sì Tonya wo òṣùwọ̀n. "Ọ̀gbẹ́ni Slone! Ẹ ò mà rù rárá! Ẹ sọ fún ìyàwó yín pé mo kí i o."

A rẹ́rìn-ín nínú pikọ́ọ̀pù títí ikọ́ gidi fi mú Bàbá àgbà. Nígbà tí ó tó àkókò pé kó dáwọ́ dúró, kò dáwọ́ dúró.

Nígbà tí a délé, mo jẹ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún Màmá àgbà. Wọ́n fi ìdí aṣọ ìdáná nu ojú. Mo ní mò ń lọ fún ajá lómi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Ẹrẹ́nà

Jíìnsì mi ò pa dé mọ́. Bàbá àgbà ti fi okùn so tiwọn. A lè pààrọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 15 Ẹrẹ́nà

Àwọn obìnrin ìjọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ wá, orúkọ olúkúlùkù wà lábẹ́ abọ́ rẹ̀ kí abọ́ má bàa sọnù. Tábìlì wa ń sunkún. Àwọn náà ń retí kí abọ́ padà ní òfìfo. Ta ló máa jẹ gbogbo rẹ̀? Ẹ má béèrè.

Arábìnrin Oma Gayheart, tí ojú rẹ̀ lè rí kòkòrò lórí òkè kejì, dúró nínú ilé ìdáná wa, ó wo Bàbá àgbà lójú fèrèsé, ó wò mí.

"Verlie, ọkọ rẹ ń gbẹ, ọmọ rẹ ń wú. Ta lò ń bọ́ gan-an?"

"Denzil ń jẹun, Oma. Ó ń jẹ ju ìgbà tó wà ní ọ̀dọ́ lọ."

"Hùn-ún. Níbo ló wá ń bọ́ sí?"

Màmá àgbà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ wọn dúró lórí ànàmọ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn tí Arábìnrin Oma lọ, wọ́n bó ànàmọ́ sí i. Wọ́n rò pé oúnjẹ àwọn ni kò lágbára tó. Láti òní lọ bọ́tà máa pọ̀ sí i, ọ̀rá máa pọ̀ sí i, gbogbo rẹ̀ sì máa wọ ikùn mi. Ojú tì mí débi pé mo jẹ kéèkì Arábìnrin Oma ní òkùnkùn.

Ọjọ́bọ̀, 26 Ẹrẹ́nà

Òjé tọjọ́sí ò tó mọ́. Mo rán àpò sínú ẹ̀wù òtútù Bàbá àgbà, mo fi òwú ìpẹja rán an, tó lè dá ẹṣin dúró. Mo ń yangàn nígbà tí mò ń rán an. Mo kọ ọ́ síbí kí n má bàa sọ lọ́jọ́ iwájú pé wọ́n fipá mú mi.

Nọ́ọ̀sì Tonya wọ̀n wọ́n. "Ẹ̀yin lọ̀gá níbí! Ìwọ̀n yín la fi ń ṣírò oògùn, ẹ ò sì jẹ́ ká tún ìṣirò ṣe rárá. Ẹ wò ó, mo fẹ́ fi yín han Brandi tó ń bójú tó oúnjẹ àwọn aláìsàn, ṣùgbọ́n ẹ ò nílò rẹ̀."

Ọkùnrin kan wà ní àga kejì, ó rù bí igi ọgbà, ó ń fi ọ̀pá ìmumi tẹ́ẹ́rẹ́ fa nǹkan funfun kan mu. Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Brandi jókòó tì í, wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ nípa ẹja. Mo wò wọ́n títí ilẹ̀kùn fi padé.

Nínú pikọ́ọ̀pù mo ní, "Bàbá àgbà, ẹ gbọ́ bó ṣe wí? Ìwọ̀n yín ni wọ́n fi ń wọn oògùn. Wọ́n ń wọ̀n ọ́n fún yín àti fún òjé."

"Oògùn tó pọ̀ ló dáa jù."

"Ṣé ọbẹ̀ lẹ pè é ni?"

"Wa ọkọ̀, Lakyn."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 31 Ẹrẹ́nà

Òtútù tó máa ń dé nígbà tí igi òkè bá ń yọ òdòdó aláwọ̀ àlùkò ti dé. Ẹnu Bàbá àgbà bó nínú, omi pàápàá ń ta wọ́n. Màmá àgbà se ọbẹ̀ adìẹ. Mo mu ún.

Ọjọ́ Àìkú, 5 Igbe. Àjíǹde

Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sísun. Ẹyin tí a gé sí méjì. Ànàmọ́ gígún. Ẹ̀wà tútù. Àlùbọ́sà igbó tí mo fọwọ́ ara mi wú lórí òkè, tí òórùn rẹ̀ lè lé èṣù jáde ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta. Kéèkì ìpele-ìpele.

Mo jẹ tèmi. Mo jẹ ti Bàbá àgbà. Nítorí ayọ̀, Màmá àgbà tún bu àfikún fún wọn. Mo jẹ àfikún. Mo sáré gba ẹ̀yìn ilé, mo sì bi gbogbo Àjíǹde sórí koríko.

Nígbà tí mo gbójú sókè, Màmá àgbà wà lójú fèrèsé. Wọn ò pè mí.

Ọjọ́ Ajé, 6 Igbe

Màmá àgbà wọ yàrá mi, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

"Ta ni?"

"Ta ni kí ni, Mà?"

"Má bá mi ṣeré, Lakyn Slone. Ṣòkòtò rẹ ò pa dé. O ń jẹ bí ẹni tí ẹlòmíì ń gbé nínú rẹ̀. Lánàá o bì. Mo bímọ márùn-ún, mi ò ka ìyẹn nínú ìwé. Ta ni bàbá ọmọ?"

Ẹ̀rín fẹ́ bú jáde lẹ́nu mi. Mo rí ojú wọn, mo gbé ẹ̀rín náà mì.

Bí mo bá ní n ò lóyún, wọ́n á ní kí ló wá ń mú mi sanra. Ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà, kì í sì í ṣe tèmi láti sọ. Ẹnu mi yìí, tí wọ́n ti tìtorí rẹ̀ lé mi jáde ní kíláàsì ní ìgbà tí kò lóǹkà, dákẹ́.

Màmá àgbà jókòó létí bẹ́ẹ̀dì. "Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ìyá rẹ nígbà tó lóyún rẹ. Mo ní màá ṣe tìrẹ dáadáa ju tirẹ̀ lọ. Mo ní èyí, màá ṣọ́ ọ." Wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí kò rún. "Mi ò kàn mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ènìyàn méjì lẹ́ẹ̀kan náà."

Bàbá àgbà wà ní yàrá kejì. Ògiri wa tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìwé. Wọ́n ti ń wúkọ́ láti àárọ̀. Nígbà tí Màmá àgbà sọ èyí, ikọ́ náà dúró. Wọ́n gbọ́. Wọn ò wá.

Ọjọ́rú, 8 Igbe

Mo bá Bàbá àgbà ní àgọ́ irinṣẹ́ wọn. Wọn ò ṣe nǹkan kan, wọ́n kàn jókòó.

"Ṣé o fẹ́ kí n sọ fún un?"

"Kí lẹ̀yin fẹ́, Bàbá àgbà?"

"Kí Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ kọjá. Kí n gba oògùn yẹn tán. Kí wọ́n má gbé rọ́bà wá." Wọn ò wò mí. "Ó burú, mo mọ̀. Mo gbọ́ gbogbo ohun tó sọ, mi ò lè dìde. Kì í ṣe pé ẹsẹ̀ kọ̀."

"Kò burú. A ò ní tètè bí ọmọ tèmi. Ó lè pẹ́ tó ogójì ọdún."

Ẹ̀rín gbà wọ́n, ó gbà mí. Lẹ́yìn náà ojú ti àwa méjèèjì.

Ìrọ̀lẹ́: Arábìnrin Oma ti gbọ́. Ó ti hun ìbọ̀sẹ̀ ọmọ ọwọ́ kan ránṣẹ́, aláwọ̀ ewé, torí a ò tíì mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo.

Ọjọ́ Ẹtì, 10 Igbe

Mo sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ilé-ìwé, mo rí Bàbá àgbà ní ilẹ̀ nídìí kùkùté tí wọ́n máa ń la igi ìdáná lé lórí. Wọn ò ṣubú, ni wọ́n wí. Wọ́n jókòó ni, ìdìde ló kọ̀. Màmá àgbà wà lókè lọ́hùn-ún níbi ọgbà.

Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá wọn, mo sì mí kanlẹ̀ láti gbé ọkùnrin tó ń gbé àpò èédú kan ní èjìká kọ̀ọ̀kan nígbà tí mo wà ní kékeré. Agbára tí mo kó jọ ti pọ̀ jù. Díẹ̀ ló kù kí n sọ wọ́n sókè. Ó dà bí ìgbà tí mo gbé ẹ̀wù kúrò lórí ìkọ́. Mo fọwọ́ kan egungun ẹ̀yìn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé mo máa ń purọ́ pé mo lágbára bí akọ màlúù. Eléyìí kì í ṣe irọ́, kì í sì í ṣe agbára mi.

"Má sọ fún un," ni wọ́n wí sí mi ní ọrùn.

Mo gbé wọn wọlé. Oúnjẹ wọn wà lára mi. Mo mọ ibi tó wà gan-an, mo lè fọwọ́ bù ú ní ìbàdí.

Ọjọ́ Àìkú, 12 Igbe

Màmá àgbà dìde lọ gbé kọfí. Bàbá àgbà ti àwo wọn sọ́dọ̀ mi.

Mo ki ọwọ́ mi méjèèjì sábẹ́ itan, mo jókòó lé wọn.

Wọ́n tún tì í. "Lakyn." Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ọmọ mi, jọ̀ọ́."

N ò mira. Màmá àgbà yíjú padà pẹ̀lú kọfí lọ́wọ́. Àwo Bàbá àgbà wà láàárín tábìlì, ó kún dé etí, ó ń yọ èéfín. Tèmi ti ṣófo.

"Mi ò lóyún, Mà," ni mo wí. "Oúnjẹ wọn ni."

Màmá àgbà wo àwo. Wọ́n wo ikùn mi. Wọ́n wo ọrùn Bàbá àgbà, tí ó dúró nínú kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì bí igi inú garawa. Wọ́n rọra gbé kọfí sílẹ̀.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti oṣù Èrèlé," Bàbá àgbà dáhùn.

"Ẹ̀wà?"

"Ẹ̀wà náà."

"Adìẹ tí mo dín ní ọjọ́ ìbí rẹ?"

"Lakyn ló jẹ ẹ́. Ó ní ó dùn."

Ilẹ̀ ò la ẹnu. Mo dúró dè é.

"Denzil Slone," Màmá àgbà wí, ohùn wọn ò sì ga rárá, "gbogbo alẹ́ ni mò ń kúnlẹ̀ dúpẹ́ lórí àwo òfìfo. O jẹ́ kí n máa fi irọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. O sì jẹ́ kí n pe ọmọ yìí ní ohun tí kì í ṣe."

"Ẹ̀rù rọ́bà ló bà mí, Verlie."

"Èmi ńkọ́? Ta ló sọ fún ọ pé ẹ̀rù ò bà mí?"

Wọ́n jáde lọ sí gbàgede. Bàbá àgbà jókòó ti àwo náà títí ó fi tutù. Mo fọ abọ́. Kò sẹ́ni tó ní kí n fọ̀ ọ́, kò sì sẹ́ni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́bọ̀, 16 Igbe

Màmá àgbà tẹ̀ lé wa. Wọ́n bì nígbà mẹ́ta lójú ọ̀nà, wọ́n sì ń pàṣẹ pé kí n má dúró.

Bàbá àgbà ṣì wọ ẹ̀wù náà. Mo rò pé wọ́n tún fẹ́ ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí Nọ́ọ̀sì Tonya ní kí wọ́n gun òṣùwọ̀n, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó òjé jáde sórí tábìlì rẹ̀. Àpò òsì. Àpò ọ̀tún. Àpò àyà. Wọ́n bọ́ ẹ̀wù, wọ́n ní kí n já àpò tí mo rán. Òwú ìpẹja ò já. Mo fi eyín gé e níwájú gbogbo ènìyàn.

"Kí nìyí, Ọ̀gbẹ́ni Slone?"

"Òjé. Ẹja ni mo máa ń fi mú. Lọ́tẹ̀ yìí ẹ̀yin ni mo fi mú."

Nọ́ọ̀sì Tonya ò rẹ́rìn-ín. Ó ka òṣùwọ̀n, ó tún un kà, ó wá jókòó. "Mo kí ìyàwó yín," ló wí. "Mo ní kí ẹ bá mi kí i."

Kò sí oògùn lónìí. Dókítà ò bínú, ìyẹn ló burú jù. Ó ní òun á dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta; bí ìwọ̀n Bàbá àgbà bá dúró sójú kan, àwọn á tún un bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ní ìwọ̀n tòótọ́. Bó bá tún wálẹ̀, ọ̀rọ̀ yóò yàtọ̀. Kò sọ bó ṣe máa yàtọ̀.

Brandi Castle wá jókòó tì wá. Ọmọ àfonífojì bíi tiwa ni. Bó ṣe la ẹnu ni mo mọ̀.

"Rọ́bà yẹn ńkọ́?" Bàbá àgbà béèrè, bí ẹni tó ń béèrè lọ́wọ́ adájọ́.

"Ta ló sọ rọ́bà fún yín?"

"Orbie."

"Dókítà níbo ni Orbie?" Ó rí ojú Bàbá àgbà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Rọ́bà jìnnà sí wa. Ẹni díẹ̀ ló ń débẹ̀. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló wà kí a tó dé ọ̀hún. Ká ní mo rí yín lóṣù tó kọjá ni…" Kò parí rẹ̀. Kò wò mí. Mo fẹ́ kó wò mí.

Ó ní kí wọ́n máa jẹ díẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà; àwo tó kún ń dẹ́rù ba ikùn. Oúnjẹ tútù, tí kò ní òórùn. Ṣíbí rọ́bà dípò onírin. Ẹyin, bọ́tà ẹ̀pà, wàrà. Kí wọ́n má fi omi yó ṣáájú oúnjẹ. Bí wọ́n bá lè rìn dé ẹnu ọ̀nà ọgbà, kí wọ́n rìn, kí iṣan má bàa tán. Kí ẹnikẹ́ni má sì bá wọn jà nídìí oúnjẹ.

Màmá àgbà ti ń yí báàgì wọn láti ìgbà tí a jókòó. "Ṣé oúnjẹ mi ni?"

"Rárá, Mà. Àìsàn yìí fúnra rẹ̀ ń jẹ ẹran ara wọn, kódà bí wọ́n bá jẹun. Kì í ṣe ẹ̀bi ọwọ́ yín. Ẹni tí ara rẹ̀ le, tó bá jẹ oúnjẹ yín, á sanra."

Gbogbo wọn wá wò mí.

Ọjọ́ Ajé, 20 Igbe

Abọ́ kéékèèké. Màmá àgbà gbé ẹyin sísè kan sínú abọ́ tí wọ́n máa ń gbé ife lé, wọ́n gbé e síwájú Bàbá àgbà, wọ́n jáde. Ó ń dùn wọ́n láti jáde. Wọ́n dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo rí bàtà wọn.

Bàbá àgbà jẹ ìdajì. Ó gbà wọ́n ní àkókò tí ènìyàn lè fi gbẹ́ kànga.

Màmá àgbà ò bá mi sọ̀rọ̀ àyàfi "bù ú wá" àti "gbé e lọ". Ó tọ́ sí mi.

Ọjọ́ Àìkú, 26 Igbe

N ò ní lè kọ èyí dáadáa.

Ní ìjọ, nígbà ẹ̀rí, Màmá àgbà dìde. Wọn kì í dìde. Wọ́n di àga mú.

"Ẹ ti gbọ́ pé Lakyn lóyún. Ọ̀dọ̀ mi ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, kì í ṣe òótọ́. Oúnjẹ ọkọ mi ló ń jẹ."

Wọ́n jókòó. Ìjọ dákẹ́ débi pé a gbọ́ bí àbẹ́là ṣe ń ronú. Arákùnrin kan tí kò gbọ́ràn dáadáa lẹ́yìn wí pé, "Àmín!"

Bí a ṣe ń jáde, Arábìnrin Oma di ọwọ́ mi mú. "Ó dára bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Bá mi wá ìbọ̀sẹ̀ yẹn o. Ìyàwó ọmọ mi máa lò ó." Ó wo ikùn mi lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó lọ, bóyá Màmá àgbà ṣì lè ṣàṣìṣe.

Nínú pikọ́ọ̀pù, Màmá àgbà gbé ọwọ́ lé orí mi fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì mú un kúrò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 Èbìbí

Ọjọ́ burúkú. Bàbá àgbà ò jẹ nǹkan kan. Ẹyin, wọ́n kọ̀. Wàrà, wọ́n kọ̀. Àkàrà kékeré onísúgà, wọ́n fi ẹnu kàn án, wọ́n sì gbé e sílẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹyẹ tó kú sílẹ̀.

Màmá àgbà ń bọ̀ láti ọgbà. Mo gbọ́ ìgbésẹ̀ wọn. Irọ́ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti dúró ní ìlà lẹ́nu mi, ọ̀kan lẹ́wà ju èkejì lọ. Bàbá àgbà ń wò mí. Wọn ò bẹ̀ mí.

"Wọ́n jẹun?"

"Rárá, Mà. Rárá rárá."

Màmá àgbà bọ́ ìbọ̀wọ́ ọgbà. "Ó dáa. Ọ̀la ń bọ̀." Wọ́n jókòó ti Bàbá àgbà, wọ́n sì ń bá wọn sọ̀rọ̀ nípa tòmátì.

Ọjọ́bọ̀, 7 Èbìbí

Àwa méjì péré la lọ. Màmá àgbà ní àwọn ti bì tó fún ọdún yìí.

Nọ́ọ̀sì Tonya ní kí Bàbá àgbà wọ aṣọ ilé-ìwòsàn, èyí tó ṣí lẹ́yìn. Ó gbọn aṣọ náà kó tó fún wọn. Ó wo inú bàtà wọn. Ó ní kí èmi lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, jìnnà. Àwọn aláìsàn tó kù ń wò mí bí ẹni tí ọlọ́pàá mú ní ọjà. N ò lè bínú. Mo wo ilẹ̀.

Ìwọ̀n wọn dúró. Kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀. Nọ́ọ̀sì Tonya tún un wọ̀n. Ó tún pe ẹlòmíì kó wá wọ̀n ọ́n. Bàbá àgbà dúró síbẹ̀, ẹ̀yìn wọn ní ìhòòhò, wọ́n gbé orí sókè bíi pé ọba ni wọ́n ń wọ̀n.

Wọ́n fa oògùn sí wọn lára, ìwọ̀n tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Brandi wá kí wa. Ó ní ẹni tó bá di ara rẹ̀ mú nínú àìsàn yìí ti ja ogun.

Nígbà tí à ń padà, ilé ìtajà áísìkiriìmù ẹ̀bá odò ti ṣí fún ọdún yìí. Bàbá àgbà ní kí n dúró. Wọ́n ra wàrà dídì oníṣokoléètì, kékeré. Wọ́n fi ṣíbí rọ́bà bu díẹ̀, wọ́n wo odò, wọ́n tún bu díẹ̀. Mo ń wo iwájú, mo di ìtọ́kọ̀ mú, mo ń kà á láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé ife náà lé àárín wa.

"Ó tó," ni wọ́n wí. "N ò ní kí o mu ún. Jẹ́ kó yọ́ dànù."

Màmá àgbà ti wà ní gbàgede nígbà tí a dé. Wọn ò béèrè ìwọ̀n. "Kí ló jẹ?"

"Wàrà dídì, Mà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n bu ún."

"Ṣíbí mẹ́ta?"

"Mẹ́ta péré. Ìyókù wà nínú ife."

Màmá àgbà wò mí lójú. Mo rí i lójú wọn pé wọ́n fẹ́ gbà mí gbọ́, pé wọ́n ń gbìyànjú rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń gbé nǹkan tó wúwo. Wọ́n bojú wo ẹ̀yìn mi.

"Denzil. Ṣé mẹ́ta ni?"

Bàbá àgbà ti di ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn mú, wọ́n ń wá èémí. Wọ́n gbọn orí.

"Mẹ́rin ni," ni wọ́n wí. "Ọmọ yìí ò mọ ìṣirò rárá."